Rolls-Royce Silver Shadow àbí Bentley T: kí ni ojú yín ti rí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Kent: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ ra ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Crewe, ìlú tí ilé iṣẹ́ Rolls-Royce wà ní England nígbà náà, láàárín ọdún 1965 sí 1980. Mo ti rí Silver Shadow kan, mo sì rí Bentley T kan tí owó rẹ̀ fi díẹ̀ ga jù ú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìrírí yín?

Bàbá Táíwò: Ọkọ̀ kan náà ni méjèèjì. Èyí tí ìwé àtúnṣe rẹ̀ bá pé ni kí ẹ rà.

Akọ́wé Peckham: Òótọ́ ni Bàbá Táíwò sọ, nítorí ojú rédíétọ̀, bónẹ́ẹ̀tì àti àmì ni wọ́n fi yàtọ̀. Silver Shadow ọdún 1973 tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa ń dán gbinrin, awọ ìjókòó rẹ̀ kò sì ní ìlà kan. Ṣùgbọ́n bí a ti tẹ bíréèkì ní ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹ́yìn tí a pa ẹ́ńjìnnì, iná pupa tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn irin róbótó tí wọ́n rọ gáàsì sí, tí ó ń tọ́jú agbára bíréèkì, ti kú. Agbára yìí kan náà ni ó ń gbé ìdí ọkọ̀ dúró nígbà tí ẹrù bá pọ̀. Ọ̀dọ̀ Citroën, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀ Faransé, ni Rolls-Royce ti gba àṣẹ láti lo ọgbọ́n yìí. Owó tí a ná sí i kò kéré rárá.

Àbẹ̀kẹ́: Ṣé ọ́ìlì bíréèkì lásán kò lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni?

Akọ́wé Peckham: Rárá o, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́. Ọ́ìlì bíréèkì kan tí wọ́n ń pè ní RR363 ni ó ń lò, nítorí èyí tí a ń rà lásán kò ní ohun tí ó ń mú kí ọ̀pá inú pọ́ǹpù máa yọ̀.

Ọmọ Dírẹ́bà: Ohun tí ó pa ọkọ̀ ọ̀gá bàbá mi ní Ìkòyí gan-an nìyẹn. Nígbà owó epo rọ̀bì ni ó rà á. Mẹkáníìkì da ohun tí ó rí sí i, ìdí ọkọ̀ jókòó sílẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Bàbá Táíwò: Ṣé kì í ṣe Silver Spirit, Rolls-Royce tí ó rọ́pò Silver Shadow, ni? Èyí tí ó jáde ní 1980 yẹn ni ó ń lo irú ọ́ìlì mìíràn pátápátá, tí ẹni bá sì ṣì í dà, rọ́bà inú rẹ̀ á bàjẹ́.

Ọmọ Dírẹ́bà: Silver Shadow ni, sà. Iná iwájú rẹ̀ jẹ́ róbótó méjì méjì, kì í ṣe onígun bíi ti Silver Spirit. Èmi ni mo ń nù ún láràárọ̀ kí bàbá mi tó gbé e jáde.

Bàbá Táíwò: Ó dáa, mo gbà.

Olùfẹ́ Bentley: Ẹ ti gbàgbé Bentley. Nínú Silver Shadow mẹ́wàá, bóyá ni ẹ ó rí Bentley T kan, nítorí náà owó tí wọ́n fi lé e tọ́ sí i. Wọn kì í sì í sábà fi í gbé ìyàwó.

Àbẹ̀kẹ́: Kí ni gbígbé ìyàwó ṣe fún ọkọ̀?

Olùfẹ́ Bentley: Ọ̀pọ̀ Silver Shadow ni wọ́n kun ní funfun fún iṣẹ́ ìgbéyàwó, tí wọ́n kun ún lórí ìpẹtà. Èmi kò lè fọkàn tán ọ̀dà tuntun lára ọkọ̀ àádọ́ta ọdún.

Akọ́wé Peckham: Ìpẹtà kò mọ Bentley yàtọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Páànù kan náà ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Kent: Ẹ ṣeun púpọ̀. Shadow tí mo rí funfun lóòótọ́, ọdún 1978 ni wọ́n ṣe é.

Bàbá Táíwò: Shadow II nìyẹn, sítíárìn rẹ̀ dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ wo abẹ́ ilẹ̀kùn àti ibi tí páànù yí táyà ká, kí ẹ tó bá wọn sọ̀rọ̀ owó.