Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ni mo lè máa gbà sáré láàárọ̀ ní Ushafa tí wọ́n á fi mí lọ́rùn sílẹ̀?

Bàbá Tóbi, Ushafa

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á, inú ló ń bí mi.

Oṣù kẹrin rèé tí mo kó kúrò ní Gwarinpa wá sí Ushafa níbí, lápá Bwari ní Àbújá. Owó ilé ló lé mi. Lándíọ́ọ̀dù mi tẹ́lẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò tiẹ̀ wojú ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń sanwó fún un. Mo ní kò burú, ó kéré tán n óò rí atẹ́gùn gidi fà símú, n óò sì máa sáré láàárọ̀.

Ibí yìí rẹwà, mi ò ní parọ́. Òkè yí wa ká, òkúta ńláńlá, igi èmì, igi mángòrò. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, kùrukùru á bo orí òkè bí ẹni tẹ́ òwú sí i. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀.

Wọn kì í so ajá ilé kejì sí tiwa mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bá olówó rẹ̀ sọ ọ́, ó ní ajá òun kì í bu èèyàn jẹ. Àwọn ọmọdé á tún tò tẹ̀ lé mi, wọ́n á máa pariwo "Gudu! Gudu!", ìyẹn "Sáré! Sáré!" lédè Hausa. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, bàbá Gwari kan tó ń lọ sóko dá mi dúró, ó ní ta ló ń lé mi. Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé mi. Ó wo ẹ̀yìn mi títí, ó wá wo ojú mi, ó ní kí n jókòó. Èmi àgbàlagbà! Ìyàwó mi náà kò gbè mí lẹ́yìn, ó ní kí n máa rìn yí inú ọgbà ká bí ẹlẹ́wọ̀n.

Ọ̀nà tó rẹwà, tó dákẹ́, tí kò lókè ni mo ń wá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mi ò fẹ́ òkè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Bwari àti agbègbè rẹ̀, ẹ dákun.

Aláàánú Dutse

Ẹ kú ojúmọ́ sà. Ṣé Ushafa tí Clinton wá ní 2000 yẹn náà ni? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, kẹ́ ẹ forí lé ọ̀nà Dáàmù Usuma. Omi tí Àbújá ń mu láti àárín àwọn ọdún 1980 sí 1989 wá, inú dáàmù yẹn ló ti ń wá. Bí oòrùn bá ń yọ lórí omi yẹn, tí òkè wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ padà sílé. Ìta ni kẹ́ ẹ dúró sí o, ibi tí ìjọba ń ṣọ́ ni, ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀. Ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó kọjá.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa

Aago mélòó ni wọ́n máa ń jáde ná? Wọn ò sọ. Ṣé wọ́n máa ń dá nìkan lọ ni? Wọn ò sọ. Ọ̀nà dáàmù yẹn dá. Pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń jí èèyàn gbé ní apá Bwari láìpẹ́ yìí, mi ò lè ní kí ọmọ ìyá mi gba ibẹ̀ nìkan.

Abọ́dé Jos

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi gbé Jos, ìlú tó ga ju ẹgbẹ̀rún mítà lọ sókè òkun. Òtútù oṣù Kejìlá níbẹ̀, ọwọ́ á kú. Síbẹ̀, ọjọ́ kan kò lọ kí n má gun òkè. Nígbà tí mo débẹ̀, mi ò lè sáré dé ẹnu ọ̀nà títì. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, mo ti ń kọjá àwọn ọmọ ogún ọdún. Òkè ló ń fún èèyàn lágbára. Ẹ ní ẹ fẹ́ ṣeré ìdárayá, ẹ wá ń sá fún òkè? Ẹ ò tíì ṣe tán láti sáré nìyẹn.

Bàbá Tóbi, Ushafa

Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo máa ń jáde. Mo gbọ́dọ̀ ti wọ mọ́tò Wuse kó tó di aago méje, ẹ ò lè ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi nìkan ni, ta ni mo fẹ́ jí pé kó bá mi sáré? Ní ti òkè, mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Madalla

Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ajá yẹn o! Bẹ́ẹ̀ náà ni aládùúgbò wa ṣe ń sọ pé ajá òun kì í bu èèyàn jẹ, títí ó fi fa ọkọ mi lẹ́sẹ̀ ya. Ká ní kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ní ká fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko kó tó di pé a lọ gba abẹ́rẹ́, epo pupa la fẹ́ fi pa á. Ajá dìgbòlugi, tí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, kò sí ìwòsàn mọ́. Tí ajá bá ń bọ̀, ẹ má sá. Ẹ dúró, ẹ má wo ojú rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú òkúta nílẹ̀.

Níbi tí mo wà, iwájú Zuma ni mo ti máa ń rìn, òkúta tó wà lẹ́yìn owó ọgọ́rùn-ún náírà àtijọ́ yẹn. Mọ́tò Kàdúná ò jẹ́ kéèyàn simi, ṣùgbọ́n tí mo bá gbójú sókè tí mo rí i, ara mi á balẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa

Aago márùn-ún ààbọ̀ kẹ̀! Ẹ wò ó, nínú oṣù Kẹfà, oòrùn á ti yọ kété tí aago mẹ́fà bá kọjá. Nínú oṣù Kìíní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di méje. Nínú òkùnkùn lẹ ń sáré yẹn, ẹ wá ń wá ọ̀nà tó rẹwà. Kí lẹ fẹ́ rí?

Aláàánú Dutse

Ẹ rọra bá wọn sọ̀rọ̀, àgbà ni wọ́n.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa

Nítorí pé àgbà ni wọ́n ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gba ọ̀nà dáàmù.

Olóko Bwari

Bọ̀dá, èmi ń dáko nítòsí yín. Ẹ fi títì Bwari sílẹ̀ fáwọn onímọ́tò, wọn kì í wo ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀nà oko ni kẹ́ ẹ gbà. Ilẹ̀ pupa ni, ó tẹ́jú, kò le lẹ́sẹ̀ bí ọ̀dà. Ebè iṣu á wà lápá kan, ọkà bàbà lápá kejì, igi igbá láàárín, òkè ní iwájú yín láìjẹ́ pé ẹ gùn ún. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ káwọn fijilántè mọ ojú yín. Ẹ bá kọjá lára ẹni tó ń ro oko, ẹ ní "Sannu da aiki", ìyẹn "Ẹ kú iṣẹ́" lédè Hausa. Ní ọ̀sẹ̀ kan péré, àwọn ọmọ yẹn ò ní lé yín mọ́, orúkọ yín ni wọ́n á máa pè. Tí màlúù bá ń bọ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n kọjá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá ń sun igbó, ẹ má jáde, èéfín yẹn àti eruku ọyẹ́ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Bàbá Tóbi, Ushafa

Ẹ ṣeun gan-an, Olóko. Ẹ̀yin nìkan lẹ dáhùn ohun tí mo béèrè.

Abọ́dé Jos

Bó bá ti tẹ́jú báyẹn, ìrìn lásán ni. Ẹ gun òkè, sà. Díẹ̀díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni sà ti sọ pé àwọn ò fẹ́ òkè, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìdí. Sà, ọmọ ọdún mélòó ni yín? Bàbá tó ní kẹ́ ẹ jókòó yẹn, kí ló rí lójú yín?

Bàbá Tóbi, Ushafa

Kí ni ọjọ́ orí ní í ṣe nínú ọ̀rọ̀ ọ̀nà? Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, ara mi le.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada

Mo gbọ́, sà. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá gun òkè?

Bàbá Tóbi, Ushafa

Àyà á máa fún mi. Bí ẹni gbé ọlọ lé mi láyà. Á gba èjìká òsì lọ sí ọwọ́, nígbà mìíràn á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tí mo bá dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, á lọ. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, igi mángòrò ni mo dì mú nígbà tí bàbá yẹn bá mi.

Dókítà ti fún mi lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dún tó kọjá. Mo dá a dúró nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí sáré, mo rò pé eré á rọ́pò rẹ̀. Oko ni bàbá mi ṣubú sí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Mi ò fẹ́ ṣubú bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sáré.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada

Sà, ẹ má sáré mọ́ títí dókítà á fi rí yín. Ì báà jẹ́ lórí òkè, ì báà jẹ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ohun tẹ́ ẹ ṣàlàyé yẹn, ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ kì í dé ọkàn yín tó nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lónìí, ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa, kí wọ́n yẹ ìlùkìkì ọkàn yín wò lórí ẹ̀rọ. Ẹ mú páálí oògùn tẹ́ ẹ dá dúró yẹn dání. Tí àyà bá fún yín nígbà tẹ́ ẹ jókòó, tí kò sì lọ, bó jẹ́ òru, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Ṣé ìyàwó yín mọ̀?

Abọ́dé Jos

Ẹ forí jì mí, sà. Mi ò mọ̀ rárá. Ẹ má gun òkè kankan.

Bàbá Tóbi, Ushafa

Kò mọ̀. Mi ò fẹ́ kó máa bẹ̀rù. Òun ló wà pẹ̀lú mi nígbà tí wọ́n gbé òkú bàbá mi wọlé.

Aláàánú Dutse

Ẹ sọ fún un báyìí, sà. Mọ́tò mi wà nílẹ̀, lọ́jọ́ Sunday báyìí kò sí gosiló, mo ti ń bọ̀ lọ́nà yín. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa

Ọlọ́run á ṣọ́ yín, bàbá. Tí wọ́n bá béèrè owó tí kò sí lọ́wọ́, ẹ kọ ọ́ síbí.

Bàbá Tóbi, Ushafa

Mo ti sọ fún un. Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ó ti di báàgì. A wà lẹ́nu géètì, a ń retí Aláàánú.

Olóko, ọ̀nà oko iṣu tẹ́ ẹ sọ yẹn, tí wọ́n bá gbà kí n máa rìn, ṣé ẹ lè fi hàn mí?

Olóko Bwari

Èmi fúnra mi á bá yín rìn ín.