Ìdìbò ààrẹ ọdún 2023 nínú ilé wa ní Ìkòtún

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ nípa aáwọ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ ọdún 2023 ló máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìjà Yorùbá àti Ìgbò lásán ni. Nínú ilé tí èmi àti ìyàwó mi ń háyà ní Ìkòtún nígbà náà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá onílé wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, ti wà lẹ́yìn Tinubu, olùdíje ẹgbẹ́ APC, kí ọkùnrin náà tó sọ "Èmi ló kàn" l'Ábẹ́òkúta. Ọmọ wọn ọkùnrin, tó ti jáde ní yunifásítì tí kò tíì ríṣẹ́, ń pe ara rẹ̀ ní Obidient, ìyẹn alátìlẹ́yìn Peter Obi, olùdíje ẹgbẹ́ Labour. Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kò sọ ẹni tí mo dìbò fún létí ẹnikẹ́ni, n kò sì ní sọ ọ́ níbí. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, ẹyin àti omi inú ọ̀rá ló wà nísàlẹ̀. Ọmọ Anambra ni, ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ wa lọ.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, ibùdó ìdìbò kan náà ni gbogbo wa lò, nínú ọgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Nígbà tí ìdìbò parí, ọmọbìnrin agùnbánirọ̀ tó ṣe olórí ibùdó náà ń mú ìwé ìdìbò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń nà án sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí ojú ìka tí wọ́n tẹ̀ sí i, ó ń pe orúkọ ẹgbẹ́, àwa náà sì ń kà á tẹ̀lé e bí ọmọ iléèwé tó ń ka ìṣirò. Labour ló fi díẹ̀ ṣíwájú, APC sì tẹ̀lé e. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ buwọ́ lu ìwé èsì, agùnbánirọ̀ fi BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò olùdìbò, ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ògiri. Bàbá onílé àti Ìyá Ìbejì jọ dúró síwájú ògiri náà, wọ́n ń fi fóònù wọn yà á. Bàbá ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ lù wá níbí o, ṣùgbọ́n Nàìjíríà tóbi." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Lórí ohun tí wọ́n jọ fojú rí yìí, n kò gbọ́ kí wọ́n jiyàn rí.

Ohun tí ojú wọn kò tó ló dá wàhálà sílẹ̀. INEC, àjọ elétò ìdìbò, ti ṣèlérí pé àwọn yóò máa gbé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan sórí IReV, ìkànnì ayélujára tí gbogbo ènìyàn ti lè wo èsì, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, èsì ìdìbò àwọn aṣòfin àgbà ń hàn níbẹ̀, ti ààrẹ kò hàn. Ìyá Ìbejì ń wá ti ibùdó wa títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá, láìjẹ́ pé ó nílò rẹ̀, nítorí ó ti ní àwòrán tirẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, wọ́n kéde ti Ìpínlẹ̀ Èkó: Labour ní 582,454, APC ní 572,606. Ariwo ayọ̀ gba inú ilé kan, Bàbá onílé sì ti ilẹ̀kùn wọn. Nígbà tó di ìdájí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, Mahmood Yakubu, alága INEC nígbà náà, kéde pé Tinubu ló wọlé pẹ̀lú ìbò 8,794,726, Atiku ti ẹgbẹ́ PDP ní 6,984,520, Obi ní 6,101,533. Ilẹ̀kùn Bàbá ṣí. Àwọn tó fi èsì INEC jó ní ọjọ́ Ajé wá ń pe INEC ní olè, ẹni tó sì ti ń fura sí INEC láti ọjọ́ Ajé ń sọ pé àjọ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni. Mo sọ èyí lójú gbogbo wọn. Inú ẹnikẹ́ni kò dùn sí mi.

Mo jẹ nínú èébú náà, nítorí ọmọ Òṣogbo ni mí. Atiku ló mókè l'Ọ́ṣun, 354,366 sí 343,945, Bàbá onílé sì ń bi mí lọ́jọ́ọjọ́ pé, "Tísà, kí ni ẹ̀yin ará Ọ̀ṣun rí lọ́bẹ̀ tí ẹ fi wa irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀?" Mo pe ẹ̀gbọ́n mi nílé. Ó ṣàlàyé pé nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò gómìnà gba ipò lọ́wọ́ Adeleke, gómìnà Ọ̀ṣun tí òun àti Atiku jọ wà nínú PDP, lóṣù Kìíní, inú bí àwọn ènìyàn rẹ̀, ìbínú náà ni wọ́n sì gbé lọ síbi àpótí ìbò ààrẹ. Ọ̀rọ̀ wọn kò kan Atiku tààrà. Àlàyé yìí kò wọ Bàbá létí.

Ọjọ́ tó burú jù lọ ni èyí tó wà láàárín ìkéde yẹn àti ìdìbò gómìnà, tí INEC sún láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 18 oṣù Kẹta. Ohùn tí àwọn ènìyàn gbà sílẹ̀ ń ti orí WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn, pé kí ẹni tí kò ní dìbò fún ẹgbẹ́ báyìí báyìí jókòó sílé rẹ̀. Owó náírà ṣì ṣọ̀wọ́n nílùú látìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ owó, àwìn ni ọ̀pọ̀ wa ń rà lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, ó sì ní ìwé ilé ẹ̀kọ́ kan tó fi rúlà pín sí méjì, tó ń kọ gbèsè sí. Bàbá, tí wọ́n máa ń jókòó sórí àga Ìyá Ìbejì fúnra wọn, wá ń fi owó búrẹ́dì rán ọmọdé. Ní ọjọ́ 18, Ìyá Ìbejì kò ṣí ṣọ́ọ̀bù, kò sì jáde lọ dìbò. Ọmọ Bàbá kojú bàbá rẹ̀ lórí èyí, ó ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì, ẹ ò sì lè wí fún un pé kó tẹ̀lé yín." Bàbá kò fèsì. Ó dùn mí pé èmi náà kò kàn án nílẹ̀kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rò pé yóò gbà.

Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ Abuja fẹ́ ka ìdájọ́ lórí ẹjọ́ tí Atiku àti Obi pè tako ìwọlé Tinubu, NEPA mú iná lọ. Bàbá ló ní jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba tuntun ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà epo kan ti kọjá 500 náírà, wọ́n sì ní àwọn kò ní fi epo àwọn tan tẹlifíṣọ̀n fún ọ̀tá. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ dá owó. A jọ dá a, Obidient àti APC, a sì jọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí àwọn adájọ́ ń kà á, tí wọ́n sọ pé òfin kò fi dandan mú INEC láti fi ẹ̀rọ ayélujára gbé èsì ránṣẹ́, tí wọ́n sì sọ pé ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò Abuja kì í ṣe dandan fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Wọ́n jiyàn lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Epo tán kí wọ́n tó kà á tán, a tún dá owó mìíràn.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, ọ̀rọ̀ epo àti ìrẹsì sì ti gba ipò rẹ̀ lẹ́nu wa. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Ìyá Ìbejì kó lọ sí Ajangbadi. Ó sọ fún mi pé owó ilé ló lé òun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò. Bàbá onílé náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ wọn kò gbà.