Pip kọ̀ láti fi package sórí Debian 12

Ìbéèrè:
Ẹ n lẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Mo fẹ́ lo requests (package tó ń bá wẹ́ẹ̀bù sọ̀rọ̀) nínú Python lórí Debian 12, ẹ̀yà Linux tí mò ń lò. Mo fi pip, irinṣẹ́ tó ń kó package Python wọlé, tẹ pip install requests, ó kàn ń sọ pé error: externally-managed-environment, mo fi sudo sí i, bákan náà ló rí. Ẹnì kan ní kí n fi --break-system-packages sí i kí pip lè ṣe é tipátipá, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí, ṣé kí n lò ó?

Ìdáhùn 1:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lò ó o! Apt, irinṣẹ́ tí Debian fúnra rẹ̀ fi ń kó package wọlé, ló ń bójú tó Python tó wà nínú Debian, àwọn irinṣẹ́ míì nínú sístẹ́ẹ̀mù sì ń lò ó, tí pip bá wá lọ kó nǹkan tiẹ̀ síbẹ̀ àwọn méjèèjì á máa ta kora, nǹkan lè dàrú. Ìdí tí wọ́n fi dí ọ̀nà yẹn nínú Debian 12 nìyẹn. Ẹ ṣe venv, ìyẹn àyè ọ̀tọ̀ tí ẹ lè kó package Python yín sí:

sudo apt install python3-venv
python3 -m venv ~/ayika
source ~/ayika/bin/activate
pip install requests

Ìdáhùn 2:
Tó bá jẹ́ requests nìkan, sudo apt install python3-requests náà tó. Àpù Python tí ẹ fẹ́ máa pè láti terminal bíi yt-dlp (tó ń wa fídíò jáde), pipx, tó máa ń fi àpù kọ̀ọ̀kan sí venv tiẹ̀, ni kí ẹ fi gbé e wọlé.

Olùbéèrè:
Venv yẹn ṣiṣẹ́, ẹ ṣé gan-an! Tí mo bá pa terminal tí mo tún un ṣí ńkọ́, ṣé màá tún fi requests sí i ni?

Ìdáhùn 1:
Rárá, ó ṣì wà níbẹ̀. Ìlà source yẹn nìkan lẹ máa tún tẹ̀, tàbí kí ẹ pe ~/ayika/bin/python tààrà.