Even kún even: báwo la ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì láti kọ ẹ̀rí ìṣirò?

Olùkọ́ Ifẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò. Bí a bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ifẹ̀ níbí ṣírò, wọ́n á ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n fi hàn pé even (nọ́ńbà tó ṣeé fi 2 pín láìṣẹ́ kù) kún even jẹ́ even, wọ́n á kọ 2 + 4 = 6, 8 + 10 = 18, wọ́n á fa ìlà sí i. Àwọn tó gbìyànjú jù á kọ 2k + 2k = 4k, tí k dúró fún odidi nọ́ńbà. Ibo la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Òṣómàáló: Ibi 2k + 2k yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó lo k kan náà lẹ́ẹ̀mejì ti sọ láìmọ̀ pé ọgbọọgba ni nọ́ńbà méjèèjì. Ẹ bi í pé 6 àti 10 ńkọ́, kí ni k níbẹ̀? Yóò bá 3 àti 5, yóò sì rí i fúnra rẹ̀ pé 2k àti 2m ló yẹ. Wọ́n di 2(k + m), k + m sì jẹ́ odidi nọ́ńbà. Ó tán.

Ní ti àpẹẹrẹ, ẹ kọ n² + n + 41 sójú pátákó, kí wọ́n máa fi 0, 1, 2 rọ́pò n. Prime (nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́ kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀) ni yóò máa jẹ́ títí dé 39. Tó bá di 40, 1681 ló jáde, ìyẹn 41 × 41. Ogójì àpẹẹrẹ tó dára, gbogbo ẹ̀ wọmi!

Ẹfun àti Pátákó: Àrùn kejì ni pé wọ́n ń ti ìparí bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a ní kí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni wọ́n á fi ṣe ìlà àkọ́kọ́, wọ́n á fà á títí yóò fi di ohun tó hàn gbangba, wọ́n á ní òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀, 1 = −1 náà lè gba ọ̀nà yẹn kọjá: ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀, 1 = 1 dé. Kí wọ́n ṣe é sórí ìwé àfidánwò, kí wọ́n wá tún un kọ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí wọ́n sì wò ó bóyá ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣeé padà.

Ọmọ Lagere: Ẹ tún fi Yorùbá sọ ọ́ fún wọn. “Gbogbo ilé ní Lagere ló ní kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i” yàtọ̀ sí “kọ́kọ́rọ́ kan wà tó ń ṣí gbogbo ilé ní Lagere.” Olè nìkan ni ìkejì máa dùn mọ́. Ohun tó ń dà wọ́n rú nínú limit (iye tí f(x) ń sún mọ́ bí x ṣe ń sún mọ́ nọ́ńbà kan) nìyẹn: a ó kọ́kọ́ fún wọn ní ε, ìyẹn bí f(x) ṣe gbọ́dọ̀ sún mọ́ limit tó, kí wọ́n tó wá δ tó bá a mu, ìyẹn bí x ṣe gbọ́dọ̀ sún mọ́ nọ́ńbà náà tó.

Olùkọ́ Ifẹ̀: Ẹ ṣé o. Induction ńkọ́, ẹ̀rí tí a ti ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ kan jẹ́ òótọ́ fún 1, àti pé bó bá jẹ́ òótọ́ fún k, yóò jẹ́ òótọ́ fún k + 1? Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń fò.

Òṣómàáló: Ẹ fún wọn ní n = n + 1. Bí a bá gbà pé k = k + 1, tí a fi 1 kún méjèèjì, k + 1 = k + 2 dé. Ìgbésẹ̀ náà kò lábùkù. 1 ni kò dọ́gba pẹ̀lú 2. Kí wọ́n tọ́ka sí ibi tó ti bàjẹ́, kí wọ́n sì sọ ìdí. Ẹ fún ìdí yẹn ní máàkì ju ibi tí wọ́n tọ́ka sí lọ.