Oore kékeré wo lẹ ṣe, tàbí tí wọ́n ṣe fún yín, tí kò kúrò lọ́kàn yín?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí kì í ní àlejò. Ẹnu rẹ̀ mú, kò sí nọ́ọ̀sì tí kò tíì bú. Lóru ọjọ́ kan ó bú mi nítorí pé omi tí mo gbé fún un tutù jù. Mo bọ́ sí kọ̀rọ̀, mo bẹ Olúwa pé kó bá mi kó ahọ́n mi ní ìjánu. Nígbà tí mo padà, ojú mi lọ sí èékánná rẹ̀, ó ti gùn débi pé ó ti ń ha á lára. Mo rẹ ọwọ́ rẹ̀ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ń gé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sọ̀rọ̀ títí mo fi dé àtàńpàkò ọwọ́ kejì. Ó wá ní, "Ìyàwó mi ló máa ń bá mi gé e." Kò tún sọ nǹkan mìíràn. Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Ọmọ Ìjọ: Ọlọ́run á ṣe tiyín náà o, nọ́ọ̀sì. Èmi ì bá ti fèsì kí n tó rántí àdúrà.

Ìyá Mẹ́ta: Èmi ni wọ́n ṣoore fún. Ọdún tí ọkọ mi kú, ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀ fún mi. Ìjọ kó aṣọ wá fún wa, mo dúpẹ́, mo ṣì ń dúpẹ́. Àmọ́ wọ́n ní ká tò, ká gbé aṣọ náà sáyà, wọ́n ya fọ́tò wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àwa la wà lára ògiri níwájú ìjọ, fọ́tò náà tóbi bí ilẹ̀kùn. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 11, dorí kodò, kò gbé e sókè títí a fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Kò fi aṣọ yẹn kan ara títí ó fi kéré fún un.

Nínú ìjọ yẹn kan náà, obìnrin kan wá sílé wa lálẹ́ ọjọ́ kan, ó mú bàtà lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá ó máa gba ọmọ yín, ti ọmọ mi ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jù ú lọ." Ìsàlẹ̀ bàtà náà ti họ díẹ̀, eruku sì wà lára rẹ̀. Ó lọ tán ni mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, mo bá bébà tí wọ́n máa ń rún sí ìmú bàtà tuntun. Ó ra bàtà tuntun, ó fi ha ilẹ̀, kí ojú má baà ti ọmọ mi. Ọmọ yẹn wọ̀ ọ́ títí ó fi ya.

Àbúrò Tísà: Mọ̀mọ́, ìgbà mẹ́ta ni mo ka ibi bébà yẹn. Bóásì olóko inú Bíbélì gan-an nìyẹn! Rúùtù 2:16, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ máa yọ ọkà sílẹ̀ kí Rúùtù, opó tó ń ṣa ọkà lóko rẹ̀, rí i ṣà, kí wọ́n má sì bá a wí. Ó lè di ọkà fún un kó máa lọ. Ṣùgbọ́n Rúùtù gbé ọkà tó tó éfà kan, òṣùwọ̀n ọkà ayé ìgbà yẹn, délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ṣà á.

Òtítọ́ Korò: Ẹ má bínú o, ṣé irọ́ kọ́ ni obìnrin yẹn pa? "Ti ọmọ mi ni." Kristẹni!

Ọmọ Ìjọ: Háà! Ṣé bàtà la fẹ́ gbé lọ kóòtù báyìí?

Òtítọ́ Korò: Mi ò fojú di oore rẹ̀. Ó lè ní "mo mú bàtà wá fún ọmọ yín," kó máa lọ.

Ìyá Mẹ́ta: Bùrọ̀dá, ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní gbà á. Lásìkò yẹn, ó ti rẹ̀ mí láti máa dúpẹ́.

Òtítọ́ Korò: Ó yé mi, mà. Ẹ foríjì mí.

Díákónì: Mo wà nínú ìgbìmọ̀ aláàánú ìjọ wa, ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí kàn mí. Àwọn tó ń dáwó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tó gbà. Tí ẹ̀rí ò bá sí, wọ́n á ní a ti jẹ ẹ́. Mátíù 5:16 náà sì ní kí ìmọ́lẹ̀ wa mọ́lẹ̀ níwájú ènìyàn.

Àbúrò Tísà: Ẹ ṣí i síwájú díẹ̀, sà, ẹ ó bá 6:3 pàdé: kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Ẹnu kan náà ló sọ méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ ya rìsíìtì, ẹ ya ẹrù. Ẹ fi ojú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Díákónì: Màá gbé e dé ìpàdé wa. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ọmọ léèrè rí nínú wa.

Awakọ̀: Ẹ gbọ́ tèmi náà. Mo yá ẹnì kan lówó, ó sá. Mo gbé òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́ lóru, ó jí fóònù mi sọ̀kalẹ̀. Ìyàwó mi ní oore mi ti ń di ìyà ilé. Mi ò fẹ́ kí ọkàn mi le, àmọ́ ó ti ń le o.

Àgbà Ilé Àdúrà: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Wo ará Samáríà nì nínú Lúùkù 10, tó tọ́jú ẹni tí àwọn olè lù lójú ọ̀nà. Owó idẹ méjì ló fún olórí ilé èrò, Mátíù 20 sì jẹ́ ká mọ̀ pé owó idẹ kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́. Owó ọjọ́ méjì nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ. Oore rẹ̀ níwọ̀n.

Awakọ̀: Ṣùgbọ́n ó ní òun máa san èyí tó bá lé lórí rẹ̀ tí òun bá ń bọ̀, bàbá. Ìyẹn ò níwọ̀n.

Àgbà Ilé Àdúrà: O mú mi níbẹ̀. Síbẹ̀, máa gbọ́ ti ìyàwó rẹ.

Ọmọ Ìjọ: Mọ̀mọ́ oníbàtà, ṣé obìnrin yẹn mọ̀ pé ẹ rí bébà náà?

Ìyá Mẹ́ta: Kò mọ̀. Ọdún 9 rèé. Ìlà kan náà la máa ń jókòó sí.

Òtítọ́ Korò: Ẹ sọ fún un, mà. Ó yẹ kó gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Rárá o, ẹ má sọ. Ó ti fi oore náà pa mọ́, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ìyá Mẹ́ta: Mi ò tíì mọ èyí tí màá ṣe. Bébà yẹn wà nínú Bíbélì mi, láàárín Sáàmù. Mo fẹ́ gbé e lọ sí Rúùtù lálẹ́ yìí.