Ẹ̀yin tí ẹ wọ sikáàfù Síkáòtù rí, iṣẹ́ wo lẹ ṣe?

Àgbà Mọ́lẹ́tẹ̀

Ẹnìkan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé yàtọ̀ sí kí wọ́n máa yan bíi ṣójà lọ́jọ́ òmìnira, kí làwọn ọmọ Síkáòtù ń ṣe gan-an? Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀, torí ó mọ̀ pé mo ṣe é rí. Ṣùgbọ́n n ò bá a jà. Ohun tí aráyé ń rí nìyẹn: kákí tí wọ́n lọ̀ tó gún régé, sikáàfù lọ́rùn, ìlù níwájú. Iṣẹ́ tó kù, kò sẹ́ni tó ń dúró wò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà wá fi tiyín tì í.

Ìbàdàn ni mo ti ṣe é. Ẹni tó bá mọ àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Scout Camp, lápá Challenge, á mọ̀ pé ẹgbẹ́ yìí ti pẹ́ nílùú wa. Ọdún 1915 ló wọ Nàìjíríà, ọdún mẹ́jọ péré lẹ́yìn tí Baden-Powell, ẹni tó dá Síkáòtù sílẹ̀, kó àwọn ọmọkùnrin bí ogún lọ pàgọ́ ní erékùṣù Brownsea nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni troop tiwa, ìyẹn ẹgbẹ́ Síkáòtù àdúgbò wa, ti ń pàdé nírọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ la pín sí, ẹni mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú ọ̀wọ́ kan, a sì fi ẹyẹ àti ẹranko sọ ọ̀wọ́ lórúkọ. Ọ̀wọ́ Àṣá ni mo wà, olórí wa ò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọmọdé ló ń darí ọmọdé níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá kàn ń fojú ṣọ́ wa ni.

Gọ́tà niṣẹ́ wa tó pọ̀ jù. Ọ̀gá wa wà ní Ìbàdàn nígbà omíyalé Ògùnpa lọ́jọ́ 31, oṣù kẹjọ, 1980. Ó fojú ara rẹ̀ rí bí omi ṣe gbé ilé àtèèyàn lọ, ó sì mọ̀ pé ìdọ̀tí táráàlú ń dà sódò wà lára ohun tó dí omi náà lọ́nà. Látìgbà náà, ọ̀rọ̀ gọ́tà ò kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é lọ́jọ́ ìmọ́tótó àyíká: gbogbo àdúgbò á jáde, wọ́n á wa ẹrẹ̀ gọ́tà, wọ́n á gbá a jọ sétí gọ́tà náà, kálukú á gba ilé lọ. Òjò àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ á dá gbogbo ẹ̀ padà. Ọ̀gá wa ò gbà. Àwa á yá bárò lọ́wọ́ bíríkìlà, a ó sì kó ẹrẹ̀ náà kúrò lójú ẹsẹ̀, bó ṣe tutù tó yẹn, tó sì wúwo. A bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ó gbẹ díẹ̀ ná. Ó ní, "Ṣé òjò á kọ́kọ́ bi yín bóyá ó ti gbẹ?" Òórùn ẹ̀ kì í tètè kúrò léèékánná, màmá mi sì fòfin dè mí pé n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò ọbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Yídì. Lọ́jọ́ Ìtùnú Ààwẹ̀ àti Iléyá, kùtùkùtù la ti máa ń débẹ̀, àwọn Kìrìsìtẹ́nì inú wa náà á jí bíi tàwa Mùsùlùmí. Bó bá sì di ọjọ́ ìwàásù ìta gbangba tàwọn Kìrìsìtẹ́nì, àwa náà á bá wọn to ọkọ̀. A máa ń ta okùn láti igi dé igi kí ọ̀nà obìnrin yàtọ̀ sí tọkùnrin, irú kókó téèyàn lè fọwọ́ kan tú bí èrò bá rọ́ lù ú. Ọ̀wọ́ tiwa ló ń bójú tó àwọn ọmọ tó sọnù.

Bẹ́ẹ̀ ọmọ kì í yé sọnù ní Yídì. A ó jókòó tì í, a ó fún un lómi.

"Kí lorúkọ dádì ẹ?"

"Àlàájì."

Ní Yídì! Ẹ wá Àlàájì nínú èrò yẹn.

"Ibo lẹ̀ ń gbé?"

"Ilé wa."

Ìbéèrè tó wá ṣiṣẹ́ fún wa ni "Kí ni mọ́mì ẹ ń tà?" Ọmọ tí ò mọ orúkọ bàbá ẹ̀ mọ ọjà ìyá ẹ̀ dájú. "Ẹ̀lùbọ́." Níbo? "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá eléja." Bí wọ́n bá ti kéde ẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé ọmọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé wà lọ́dọ̀ Síkáòtù, kò ní pẹ́ tóbìnrin kan á máa sáré bọ̀, ìborùn lọ́wọ́, tí á kọ́kọ́ gbá ọmọ náà létí kó tó dì mọ́ ọn. Ẹ̀yin ńkọ́?


Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Tèmi kì í ṣe iṣẹ́ ìlú, wàhálà inú ilé ni.

Abẹ́òkúta ni mo ti dàgbà, lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi. Ẹni tó bá ṣe Síkáòtù mọ̀ pé ọwọ́ òsì la fi ń bọ ara wa lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá wa ń kọjá níwájú ilé, mo sáré lọ pàdé ẹ̀, ó nawọ́ òsì, èmi náà nawọ́ òsì. Màmá àgbà ń wò wá lójú fèrèsé. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn Ògbóni nìkan ni wọ́n mọ̀ tó ń fi òsì kíra wọn lọ́dọ̀ wa.

Mo wọlé, màmá ní kí n jókòó. Ta ló mú mi wọ awo? Mo ní Síkáòtù ni, màmá. Ó ní ṣé wọ́n ti mú mi búra? Mo ní a ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ó ní báwo? Mo bá na ìka mẹ́ta sókè bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ẹ̀rù bà á débi pé igbe ló ké, gbogbo agbo-ilé sì jáde. Mo ń ka ẹ̀jẹ́ náà fún wọn pé ojúṣe mi sí Ọlọ́run àti sí orílẹ̀-èdè mi ni, pé màá máa ran ọmọnìkejì lọ́wọ́ nígbà gbogbo, pé màá máa pa òfin Síkáòtù mọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n ti kákí mi mọ́nú àpótí, kọ́kọ́rọ́ sì wà létí ìró màmá.

Ọ̀gá wa ló wá bẹ̀bẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó wá sọ ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo wa: pé nígbà tí Baden-Powell bá àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Kùmásí, olú-ìlú àwọn Àṣáńtì ní Gánà, ìjòyè Àṣáńtì kan na ọwọ́ òsì sí i, torí òsì ni jagunjagun fi ń di asà mú, ẹni tó bá sì ju asà sílẹ̀ láti bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ti fọkàn tán ẹ nìyẹn. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó kà á pé ọdún 1896 tí wọ́n lọ yẹn gan-an ni wọ́n mú Prempeh, ọba Àṣáńtì, lọ sígbèkùn. Ìfọkàntán wo nìyẹn? Ó ṣì ń ṣe mí ní kàyéfì.

Màmá gbà ṣáá. Ó ní kí wọ́n máa bọ òsì wọn nínú ọgbà ilé-ìwé. Bó bá ti di iwájú ilé òun, kí n dọ̀bálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí mo fi kúrò níbẹ̀.


Nọ́ọ̀sì Òṣogbo

Mo rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n pe tèmi ní awo náà, ìyá mi ló gbà mí sílẹ̀.

Obìnrin ni mí o, Síkáòtù ni mo sì ṣe, kì í ṣe Gáìdì, ẹgbẹ́ tàwọn ọmọbìnrin. Lọ́jọ́ kan à ń bọ̀ láti ibi ìpàgọ́ lójú ọ̀nà Ìkìrun, ọ̀kadà kan forí sọ ọkọ̀ níwájú wa. Kí a tó débẹ̀ àwọn ọkùnrin ti yí ọlọ́kadà náà ká. Ẹnìkan di apá mú, ẹnìkan di ẹsẹ̀ mú, wọ́n fẹ́ kì í sẹ́yìn ọkọ̀ bí àpò gaàrí. Ẹlòmíràn ń wá kẹrosín tó fẹ́ dà sójú egbò. Àánú ló ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ti kán, egungun ń yọ lábẹ́ awọ ara.

Olórí ọ̀wọ́ wa, tí mo rò pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ló kígbe pé kẹ́nikẹ́ni má fà á mọ́. Ọ̀pá àsíá wa wà lọ́wọ́, ọparun méjì tó gùn. Àwọn ọmọkùnrin bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kákí wọn, wọ́n de bọ́tìnnì padà, wọ́n yí apá ṣẹ́ẹ̀tì sínú, wọ́n sì ki ọ̀pá méjèèjì gba inú apá náà kọjá. Bó ṣe di ibùsùn tí wọ́n fi gbé e nìyẹn. Sikáàfù yìí, tẹ́ ẹ bá tú u, onígun mẹ́ta ni. A fi mélòó kan de ẹsẹ̀ tó kán mọ́ èyí tó le, a fi aṣọ sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì kó má bàa máa ha ara wọn. Èmi ni mo di ojú egbò orí rẹ̀ mú. Títẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa, kéèyàn fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, kó má máa ṣí i wò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dá. Apá ń ro mí, mo fẹ́ ṣí i wò gan-an ni.

Nílé ìwòsàn wọ́n bi wá pé ta ló de ẹsẹ̀ yìí. Àwọn ọmọkùnrin ò lè dáhùn, ojú ń tì wọ́n torí síńgílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wọ̀.

Mi ò ní parọ́ pé ọjọ́ yẹn ló sọ mí di nọ́ọ̀sì. Owó ilé-ìwé nọ́ọ̀sì lapá bàbá mi ká.


Oòrùn Pa Mí Rí

Ẹ̀ ń sọ tó dáa nìkan. Èmi ò gbàgbé bí wọ́n ṣe tò wá sójú títì láti àárọ̀ nítorí òṣèlú kan tó fẹ́ ṣí afárá. Àsíá kéékèèké lọ́wọ́ wa, kò sómi, kò sí ibòji. Ọmọ méjì dákú. Ìgbà tó dé, gíláàsì ọkọ̀ ẹ̀ ò wálẹ̀. Ọjọ́ kejì wọ́n ní iṣẹ́ ìlú la ṣe. Ìlú wo?


Àgbà Mọ́lẹ́tẹ̀

Òótọ́ lo sọ, àbúrò, ó sì ń dun èmi náà. Ọ̀gá tó bá mọ ohun tó ń ṣe á bi ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́ pé kí lẹ fẹ́ káwọn ọmọ yìí ṣe níbẹ̀? Bó bá jẹ́ pé wọ́n á darí èrò, wọ́n á fún àwọn arúgbó lómi, wọ́n á jókòó ti àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì, ó dáa. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ kí wọ́n dúró kí ayẹyẹ lè kún lójú, kó dá wọn lóhùn pé a ò wá. Tiwa máa ń kọ̀, wọ́n sì ń pè é ní onígbèéraga.


Ìyá Ìbejì, London

Ẹ kú ilé o. Àwọn ìbejì mi wà ní Beavers níbí, ẹ̀ka Síkáòtù tàwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ nìyẹn. Ọkùnrin àti obìnrin jọ ń ṣe é ni. Ọdún 1991 ni wọ́n ti kọ́kọ́ gba ọmọbìnrin láàyè nínú gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Àgbà tó bá fẹ́ bá wọn ṣe é, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ìwé ẹ̀ wò bóyá ó ti dáràn rí. Inú mi dùn sí ìyẹn.

Wọ́n ní kí wọ́n mú oúnjẹ tí kì í bàjẹ́ wá fáwọn tí ebi ń pa ládùúgbò. Táyé mú ẹ̀wà inú agolo. Kẹ́hìndé ní gaàrí lòun máa mú, ó sì ní òun ò gbọ́. Mo wá gaàrí tó wà nínú ọ̀rá fún un, tí wọ́n lẹ̀ pa dáadáa. Obìnrin tó ń gba ẹrù níbẹ̀ bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, mo kọ ọ́ sára ọ̀rá náà: omi tútù, ṣúgà, ẹ̀pà, ẹ má se é. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n ní ìyá arúgbó Yorùbá kan ló gbé e, kò tiẹ̀ ka ohun tí mo kọ.

Ní oṣù kọkànlá, wọ́n máa ń yan lọ síbi ìrántí àwọn tó kú sógun. Mo sọ fún ọ̀gá wọn pé bàbá bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ jagun ní Bọ́mà. Kò mọ̀ pé a lọ rárá. Ó ní kí n mú fọ́tò ẹ̀ wá, àwọn ọmọ sì gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń bi mí bóyá ó rí ẹkùn nínú igbó.


Bàbá Ìkòròdú

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó fẹ́ ṣe é. Ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀? Mo ti fẹ́ lọ rán kákí fún un.


Àgbà Mọ́lẹ́tẹ̀

Má tíì rán an, ọ̀gbẹ́ni. Kọ́bù, ẹ̀ka tàwọn ọmọ kékeré, ni wọ́n á fi í sí ní ọjọ́ orí yẹn. Kọ́kọ́ bèèrè nílé-ìwé rẹ̀, bí wọn ò bá ní, bèèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí tó wà nítòsí, torí ọ̀pọ̀ troop ló so mọ́ wọn. Lọ jókòó níbi ìpàdé wọn kí o wo bí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Á kọ́ òfin àti ẹ̀jẹ́ ná, ìgbà tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ tán ló tó lẹ́tọ̀ọ́ sí aṣọ. Sikáàfù, má ra ìyẹn rárá. Àwọ̀ ti troop kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, àwọn ni wọ́n máa fún un.