Báwo ni mo ṣe lè máa mú ajá mi rìn láìdẹ́rù ba àwọn ará àdúgbò?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bódìjà ni mò ń gbé n'Ìbàdàn níbí, mo sì ní ajá Alsatian kan. Ìdájí ni mo máa ń mú un rìn, okùn kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó ń lọ sí mọ́sáláṣí àti àwọn ọmọ iléèwé a máa sá bọ́ sójú títì bí wọ́n bá ti rí wa. Mo máa ń ké sí wọn pé kì í bu ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kì í balẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe kí ọ̀kadà má baà gbá ọmọ ọlọ́mọ nítorí ajá mi?

Bàbá Mọ́kọ́lá: Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà kò mọ ajá rẹ rí, kò sì mọ̀ bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́, nítorí náà ìwọ tí o ní ajá ni kí o yà fún un, kì í ṣe òun. Bí o bá ti rí ènìyàn lọ́ọ̀ọ́kán, fa okùn náà kúrú, bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mú ajá jókòó, kí o sì dúró sáàárín òun àti ẹni náà títí yóò fi kọjá. Kí okùn náà má ju mítà 2 lọ. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ni kò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọn yóò fi kírun. Jẹ́ kí wọ́n kí Àsùbáà tán, kí wọ́n wọlé, kí o tó jáde.

Ìyá Ìbejì: Ẹ rántí mú ọ̀rá dání láti fi kó ìgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa ló ń tẹ̀ ẹ́.

Oníṣègùn ẹranko kan: Kí ajá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi láti bí ọmọ oṣù 3, kí ó sì máa tún un gbà lọ́dọọdún, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí yín. Bí ajá èyíkéyìí bá bu ènìyàn jẹ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n má fi epo tàbí ata sí i, kí wọ́n sì lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára ènìyàn, agbára káká ni kí ó fi yè é. Ẹ má ṣe sáré pa ajá náà. Ẹ dè é mọ́lẹ̀, kí dókítà máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10.

Oníbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Tí ẹnì kan bá ń sáré kọjá ńkọ́? Ó máa ń fẹ́ gbá tẹ̀ lé e.

Bàbá Mọ́kọ́lá: Máa mú ẹran wẹ́wẹ́ dání. Pe orúkọ rẹ̀ kí asáré náà tó dé tòsí, kí o sì fún un ní ẹran bó bá ti kọjú sí ọ. Bẹ̀rẹ̀ láti inú ọgbà ilé rẹ, kí o tó dán an wò lójú pópó.